Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin oníléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ní Ìlọrin: ẹ má tíì lé àwọn obìnrin tó ń tẹ omi wò

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Àlájì àti Àlájà tí ẹ ní iléeṣẹ́ omi inú láílọ́ọ̀nù, láti Gànmọ̀ dé Gẹ̀rí Àlímì, láti Tánkẹ̀ dé Òkè-Lélè, mo kí yín o. Ẹ kú ọjà. Ẹ kú owó iná. Ẹ kú ìfaradà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá yín kọ owó sínú ìwé ni mí, n kò ní sọ iléeṣẹ́ tí mo wà. Kí n tó di akọ̀wé owó, mo ti ta omi yìí fún ọdún mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ọjà Ìpàtà. Mo ti wà níbi tí omi ti ń jò sí èèyàn lára, mo sì ti wà níbi tí wọ́n ti ń ṣírò iye tí omi tó jò náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo lè dá sí ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé mo ń ṣe àṣejù.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé púpọ̀ nínú yín ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n dá àwọn obìnrin tó ń tẹ ọ̀rá omi wò bóyá ó ń jò dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn tó ń dì í sínú báàgì máa dì í lọ tààrà bó bá ṣe ń jábọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo mọ ohun tó fà á. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó mọ́tò kò tíì padà síbi tó wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iná Band A fò dé ₦225 lórí yúníìtì kan. Ti rọ́ọ̀lù láílọ́ọ̀nù, n kò ní sọ fún yín, ẹ̀yin lẹ ń rà á. Ẹni tí àpò rẹ̀ ń jò á wá ihò tí yóò dí. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ihò tí ẹ fẹ́ dí yìí kọ́ ni owó ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìpàtà. Ìyá kan wà tó máa ń ra omi lọ́wọ́ mi bí ó bá ní ìnáwó. Lọ́jọ́ kan ó kó báàgì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wòlímà ọmọ rẹ̀. Ọ̀rá mélòó kan nínú rẹ̀ ń jò. Wọn kì í ṣe èyí tó bẹ́. Èyí tó bẹ́ dára, torí ojú máa ń rí i. Èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀ létí ibi tí iná ti lẹ̀ ẹ́ ni, tí á máa sun omi bí ẹni ń làágùn. Wọ́n to báàgì náà sórí ẹní nínú pálọ̀ mọ́jú, ẹní rin gbindin, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ náà rin. Nígbà tí wọ́n ṣí i fún àlejò, àwọn kan bá mọ́kàndínlógún nínú báàgì tó yẹ kí ogún wà, àwọn mìíràn bá méjìdínlógún.

Ìyá yìí kò pariwo. Kò bú mi, kò bú iléeṣẹ́ tó ṣe omi náà. Ó kàn ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn látìgbà náà, á kí mi dáadáa pàápàá bó bá ń kọjá. Ẹ wá bi mí pé, nínú ìwé owó iléeṣẹ́ yẹn, ojú ewé wo ni wọ́n kọ ìyá yìí sí? Kò sí. Ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ obìnrin tí ì bá tẹ ọ̀rá náà wò, ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú báírò pupa, ní òpin ojú ewé níbi tí ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ wò.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ wà nínú ìyẹn. Owó àyẹ̀wò máa ń hàn nínú ìwé, owó àbùkù kì í hàn. Bí ọjà bá le, èyí tó hàn la máa ń gé.

Wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á tipẹ́ níbòmíràn. Ará Amẹ́ríkà kan, Armand Feigenbaum, ti kọ ọ́ ní 1956 pé ọ̀nà mẹ́ta ni kí iléeṣẹ́ pín owó yìí sí: èyí tí a ná kí àbùkù má bàa wáyé rárá, èyí tí a ná láti wá a rí, àti èyí tí a pàdánù nítorí pé ó ti wáyé. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú ìwé tiwa. Ọ̀nà kejì nìkan ni mo rí owó kọ sí. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, torí a kì í pààrọ̀ nǹkan kan lára ẹ̀rọ àfi tó bá kú. Ti ẹ̀kẹta ni mo ní láti máa bi dírẹ́bà, kí n máa bi àwọn tó ń gbà á tà, kí n máa ka àwọn báàgì tó padà wálé tí wọ́n kàn jù sẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀nà ẹ̀kẹta yìí ti ga ju ti kejì lọ fíìfíì, síbẹ̀ n kò tíì ka àwọn tó dà bí ìyá wòlímà.

Mo ń gbọ́ tí ẹnì kan nínú yín ń sọ pé, ‘Ó dáa, ṣé kí a wá máa tẹ gbogbo ọ̀rá títí ayé ni?’ Rárá o. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń pariwo àyẹ̀wò, àyẹ̀wò nìyí. Ìgbà mìíràn wà tí àyẹ̀wò jẹ́ ìnákúnàá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò kan wà tí W. Edwards Deming fi kọ́ àwọn èèyàn, ọ̀gbẹ́ni Amẹ́ríkà tó lọ ń kọ́ àwọn iléeṣẹ́ Japan lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ẹ kọ iye tó ń ná yín láti yẹ ẹyọ kan wò sílẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹyọ kan tó bàjẹ́ máa ná yín tó bá bọ́ síta. Ẹ fi èkejì pín àkọ́kọ́. Bí iye tó ń bàjẹ́ nínú iṣẹ́ yín bá ju èsì yẹn lọ, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí kò bá tó o, ẹ má yẹ ọ̀kankan wò.

Ẹ jẹ́ ká fi owó tiwa ṣe é. Ká ní obìnrin kan ń gba ₦3,000 lójúmọ́, ó sì ń tẹ ọ̀rá 6,000. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni títẹ ọ̀kan nìyẹn. Ká ní ọ̀rá kan tó ń jò, tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ yín, máa ná yín ní ₦100 ju ohun tí ì bá ná yín bí ẹ bá rí i nílé: pàṣípààrọ̀, owó mọ́tò, báàgì tó dọ̀tí, ọlọ́jà tó bínú. Àádọ́ta kọ́bọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà, ọ̀kan nínú igba nìyẹn. Bí èyí tó ń jò bá ju ọ̀kan lọ nínú igba ọ̀rá, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ ń san fún títẹ gbogbo rẹ̀ ń ṣòfò ni.

Ká tún mú un lọ sí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Báàgì 600, ogún ọ̀rá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12,000 nìyẹn. Obìnrin méjì ló máa tẹ̀ ẹ́ tán, ₦6,000. Bí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún bá ń jò, ọ̀rá 120 ló máa lọ sí ìta tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ₦12,000 ti lọ. Ẹni tó lé obìnrin méjì yẹn rò pé òun fi ₦6,000 pamọ́, ó fi ₦12,000 sọ̀kò sínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ló ń jò, ọ̀rá 12 nìyẹn, ₦1,200. Ẹni tó ń san ₦6,000 láti lépa ₦1,200, òun náà ń ṣe saara tí Ọlọ́run kò rán an.

Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí o, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ bí ó ṣe wà. Ọ̀rá tó jò ní Gànmọ̀ kò ná yín ní iye kan náà pẹ̀lú èyí tó jò ní Òmù-Àrán. Bí mọ́tò yín bá ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ ti fi epo gbé àbùkù náà lọ, ẹ máa tún fi epo gbé e bọ̀, dírẹ́bà á sì ti fi ìdajì wákàtí bá ìyá ọlọ́jà jà. Bí àbùkù bá ṣe ń jìnnà sí ẹ̀rọ tó bí i ni owó rẹ̀ ń ga sí i. Kóówá ní láti ka tirẹ̀.

Kíkà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú yín kò ṣe rí. Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín. Mo ti bi ọ̀gá mẹ́ta léèrè pé ọ̀rá mélòó ló ń jò nínú ẹgbẹ̀rún lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan ní, ‘Kò pọ̀.’ Ọ̀kan ní, ‘A dúpẹ́.’ Ẹ̀kẹta ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ máníjà, máníjà ní kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ló sọ fún mi. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n, àwọn náà ni ẹ sì fẹ́ lé.

Wọ́n sọ nǹkan mìíràn fún mi tí n kò rí nínú ìṣirò kankan. Wọ́n ní omi kì í jò bákan náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, hítà tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá á ti tutù. Àwọn ọ̀rá tó kọ́kọ́ jáde kò ní lẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ti mú un gbóná jù láti fi lé àsìkò tó lọ bá, ó tún ń jó láílọ́ọ̀nù lu. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rọ́ọ̀lù, bákan náà. Bí Teflon, ìyẹn aṣọ tí láílọ́ọ̀nù kì í lẹ̀ mọ́ tí wọ́n fi bo hítà, bá ti gbó, á máa ya láílọ́ọ̀nù lójú kan náà lórí gbogbo ọ̀rá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí ẹnì kan á fi rí i. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti wọ ara, tí iná kò ṣẹ́jú, wọ́n lè tẹ ẹgbẹ̀rún kan kí wọ́n má rí ẹyọ kan.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Ìṣirò Deming fẹ́ kí ẹ̀rọ wà lójú kan. Tiwa kì í wà lójú kan, NẸ́PÀ kò jẹ́. Nítorí náà ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a tẹ gbogbo ohun tó bá jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí iná bá dé tàbí tí a bá pààrọ̀ rọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà kí a máa mú díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ wò láàárín wákàtí. Obìnrin méjì lè má pọn dandan. Ó lè jẹ́ ẹnì kan ló kù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni kí ó jókòó sí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù, kí ó sì ní àṣẹ láti pa ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ láti pa ẹ̀rọ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Ìlọrin. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. Bí òwú kan bá já, ahunṣọ á dúró, á so ó, kó tó máa bá a lọ. Kò sí ẹni tó máa hun ọ̀gbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kọjá òwú tó já, kí ó wá gba ẹnì kan síṣẹ́ lálẹ́ pé kó wá ibi tó já. Sakichi Toyoda ní Japan mú àṣà yìí wọ inú irin: ní 1924 ó ní ẹ̀rọ ìhunṣọ tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já. Nítorí bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ kan lè máa bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò sí ìdí láti dúró ti ọ̀kan kó máa ṣọ́ òwú. Ní 1929 iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Platt Brothers, gbà láti san £100,000 kí wọ́n lè ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdílé yẹn náà ló wá dá Toyota sílẹ̀ ní 1937, tí ìdajì ọkọ̀ tó wà ní garéèjì wa fi ń jẹ́ orúkọ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á rí i tí ọ̀rá ń jò, kò ní pa á, torí ọ̀gá á bi í pé kí ló dé tí báàgì kò pé 600.

Ó tún ku ohun kan. Àwọn tó ń di omi sínú báàgì, iye báàgì lẹ fi ń san owó wọn. Ẹ fẹ́ kí wọ́n wá máa ṣe àyẹ̀wò mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú tó bá fi tẹ ọ̀rá, owó tirẹ̀ ni ó ń ná. Bí èmi bá ni, n kò ní tẹ̀ ẹ́.

Kì í sì í ṣe pé ojú èèyàn lè mú gbogbo rẹ̀. Ojú tó ti wo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọ̀rá láti àárọ̀ kò rí nǹkan mọ́, ó kàn ń là ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ ná díẹ̀ nínú owó yẹn lórí Teflon tuntun kí èyí tó wà níbẹ̀ tó ya, lórí ohun tó máa jẹ́ kí iná hítà dúró lójú kan, àti lórí ìdajì wákàtí láàárọ̀ Mọ́ńdè fún ẹni tó mọ ẹ̀rọ kí ó tú u wò. Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ní ẹ̀bú Dada ní Òkè-Lélè kì í dúró de ìgbà tí iná bá la ìkòkò kí wọ́n tó ṣa òkúta kúrò nínú amọ̀. Bí ìkòkò bá wá jinná tán, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Tiwa náà ní irú rẹ̀: ẹ to báàgì sórí sìmẹ́ńtì gbígbẹ mọ́jú, kí ẹ tó kó o sọ́kọ̀ láàárọ̀ ẹ wo ilẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá tẹ ilẹ̀ tútù láàárọ̀ ti mọ báàgì tó máa yọ sápá kan.

Títí dé ibí, ọ̀rá tó ń jò nìkan ni mo ń sọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi omi inú rẹ̀ sílẹ̀, torí òun kò sí lórí òṣùwọ̀n yìí rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú mílílítà 100 omi mímu, a kò gbọ́dọ̀ rí kòkòrò E. coli rárá. Ẹ kò lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ̀. Ẹ kò lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò bákan náà, torí ọ̀rá tí ẹ bá ti ṣí fún àyẹ̀wò kò ṣeé tà mọ́, ó sì di ọjọ́ kejì kí èsì tó jáde. Díẹ̀ lẹ máa mú, ìyókù wà lọ́wọ́ fílítà tí ẹ pààrọ̀ lásìkò, táǹkì tí ẹ fọ̀, àti gílóòbù UV tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò. Gílóòbù UV yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ó lè máa tàn búlúù dáadáa kí agbára tó fi ń pa kòkòrò ti lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan láìwò ó pé ó ṣì ń tàn.

Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kí a dín àyẹ̀wò lábú náà kù, pé NAFDAC kì í wá lóṣooṣù. Ẹni náà á rántí 2008. Oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni. Èròjà kan tí wọ́n rà lọ́jà láti fi ṣe é ni májèlé wà nínú rẹ̀, diethylene glycol, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ 84 ló kú. Ṣé ẹnì kan fẹ́ bá mi kọ iye yẹn sílẹ̀ kí a fi pín owó àyẹ̀wò èròjà náà? N kò lè ṣe é, n kò sì rò pé ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ fún àwọn obìnrin yìí ní oṣù kan sí i. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé kékeré àti báírò, kí wọ́n máa kọ iye tí wọ́n tẹ̀, iye tó jò, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ lákòókò náà. Kí àwọn dírẹ́bà náà máa kọ iye tó padà wálé. Èmi á bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀, n kò ní gba owó. Bí ìwé bá sọ pé ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún ni, ẹ dín wọn kù, èmi fúnra mi á bá yín kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún wọn.

Bí ẹ bá sì máa ṣe ìpàdé kí oṣù náà tó pé, ẹ jẹ́ kí kóówá gbé báàgì kan dání láti ilé ìkẹ́rù tirẹ̀, kó má yan èyí tó dára. Ká tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ká fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ara wa. Èmi á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ìnulẹ̀ wá.

Èmi ni,
Akọ̀wé owó yín kan, lọ́nà Àsà Dáàmù, Ìlọrin.